Éńjínnìa, Ọkọ Yín Ńkọ́?

Kò sí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ tí wọn ò bi ní ìbéèrè yìí rí. Onílé á dé sáìtì, á páàkì ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yanrìn, á wò mí láti bàtà dé àṣíborí, á kí mi dáadáa, kó tó wá sọ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó wa. Éńjínnìa ńkọ́?" Bí mo bá ní èmi náà ni, á rẹ́rìn-ín músẹ́. "Rárá o, ọkọ yín ni mò ń béèrè." Tíṣà ni ọkọ mi. Kò mọ irin 12 yàtọ̀ sí irin 16, kò sì dùn ún rárá pé òun ò mọ̀ ọ́n.

FUTA ni mo ti kàwé jáde, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ sí Àkúrẹ́ ní 1981. Mi ò jìnnà síbẹ̀ látìgbà náà. Iṣẹ́ ti gbé mi dé Ọ̀bà-Ilé, ó gbé mi dé Ìlú-Àbò ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́, ó sì ń gbé mi lọ sí Oǹdó lóòrèkóòrè. Nínú gbogbo ìrìn yẹn, ohun kan wà tó pẹ́ kó tó yé mi, òun ni mo sì fẹ́ sọ: wọ́n lè gba èèyàn síṣẹ́ láìgbà á sínú iṣẹ́. Wọ́n lè fún un ní tábìlì àti káàdì ìdánimọ̀, kí wọ́n sì yọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí iṣẹ́ gan-an ti ń ṣẹlẹ̀.

Bó ṣe rí ní ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbà mí nìyẹn. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ṣe mí lóore, wọ́n sì rẹ́ mi jẹ. Ìwé ẹ̀rí mi wà nínú gbogbo fáìlì tí wọ́n fi ń du iṣẹ́, nítorí ó dára kí wọ́n rí orúkọ obìnrin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ dẹ́kíìnì, ọjọ́ tí a ń da kọnkéré òkè ilé, bá pé, ọ̀gá á ní kí n dúró sí ọ́fíìsì kí n máa ṣírò owó sìmẹ́ńtì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa á mọ ohun tí mò ń wí. Ọjọ́ dẹ́kíìnì ni ọjọ́ ìdánwò. Ọjọ́ yẹn ni kọnkéré máa bo gbogbo ohun tí a ṣe dáadáa àti gbogbo ohun tí a ṣe wúruwùru mọ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa rí i mọ́, àfi ọjọ́ tí ilé bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Éńjínnìa tí kò bá dúró ti dẹ́kíìnì rí, àwọn bíríkìlà ò ní í kà á kún. Mo sì gbà pẹ̀lú wọn.

Ìgbà tí èmi kọ́kọ́ dúró tì í, ọ̀gá ló rìnrìn-àjò. Ọ̀bà-Ilé ni sáìtì náà wà. Fóòmánì, bàbá kan tó ti ń kọ́lé kí wọ́n tó bí mi, ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ dé láti ìdájí. Míkísà ti ń dún, àwọn obìnrin tó máa ru kọnkéré ti ká òṣùká. Mo gun àkàbà dé òkè, mo bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ ti ìka bọ abẹ́ irin. Ìka mi ò wọlé. Irin sùn lé pátákó gbalaja láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí bísíkíìtì kankan lábẹ́ rẹ̀. Bísíkíìtì tiwa kì í ṣe ti àjẹpanu o. Kọnkéré kékeré pẹlẹbẹ ni, tí a máa ń ṣe sílẹ̀ kó gbẹ, tí a ń kì bọ abẹ́ irin kí àyè bíi sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wà láàárín irin àti pátákó. Kọnkéré ló máa kún àyè yẹn, òun ló máa bo irin lára. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá tú pátákó ni irin á ti hàn. Òjò á rí i, á dógùn-ún, á wú, á sì máa ti kọnkéré já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbójú sókè wo abẹ́ bákónì àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ti pẹ́ láàárín ìgboro, ẹ óò rí ohun tí mò ń sọ.

Mo ní kí wọ́n pa míkísà.

"Ìyàwó," fóòmánì ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn ń bọ̀."

"Bàbá, ẹ má bínú. A ò ní dà á bẹ́ẹ̀."

"Ọdún wo lẹ jáde nílé ìwé ná?"

Mi ò dáhùn. Ó pe onílé lórí fóònù, ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa gbọ́. Onílé ní kí màdámù wá ibi tó tutù jókòó sí, kí àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe é. Ó ṣáà ti ní kí n jókòó. Mo jókòó, sórí irin yẹn gan-an, láàárín gbùngbùn dẹ́kíìnì, nínú oòrùn. Wọn ò kúkú lè da kọnkéré lé mi lórí. Àwọn obìnrin tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Àǹtí, ẹ má dìde o, a ó gba owó ìdúró!" Nígbà tó yá, fóòmánì rán ọmọ iṣẹ́ méjì lọ yá bísíkíìtì ní sáìtì kan tí kò jìnnà. Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀, iná jẹnẹrétọ̀ la fi parí rẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ohun àmúyangàn ni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí a jọ jáde ní kíláàsì kan náà, gbólóhùn kan ni ì bá sọ: "Ẹ fi bísíkíìtì sí i." Wọn ì bá kùn, wọn ì bá sì ṣe é. Èmi ní láti fi ara mi dí dẹ́kíìnì. Owó oṣù èmi àti ọkùnrin yẹn lè dọ́gba, ṣùgbọ́n ohun tó máa ná èmi láti sọ òótọ́ kan náà kò lè dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀. Bí ọ̀gá mi sì ti dé láti ìrìn-àjò, ó yìn mí, ó ra ohun mímu fún mi, ó dá mi padà sídìí owó sìmẹ́ńtì.

Àwa ará Àkúrẹ́ mọ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ dáadáa. Bí Déjì, ọba wa, bá wàjà, ọmọbìnrin ọba ni a ń fi ṣe adelé. Á dé fìlà, á wọ aṣọ ọkùnrin, àwọn ìjòyè á bọ̀wọ̀ fún un, àṣẹ á sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọba Adétutù Adéṣidà-Ojei ló jókòó bẹ́ẹ̀ láti ìparí 2013 títí Ọba Aládétóyìnbó Ògúnladé Aládélúsì fi gorí ìtẹ́ ní 2015. Ẹni tó bá ní obìnrin ò lè pàṣẹ fún ọkùnrin, kó lọ sọ ọ́ láàfin nígbà adelé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọba bá dé, adelé á bọ́ fìlà. Adelé ni wọ́n fi mí ṣe lórí sáìtì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ọ̀gá bá lọ, mo tó. Bí ọ̀gá bá dé, mi ò tó mọ́.

Oǹdó tilẹ̀ ju Àkúrẹ́ lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn wọn sọ pé obìnrin, Púpupú, ló kọ́kọ́ jẹ Òṣemàwé, ọba ìlú wọn, títí dòní ni wọ́n sì ní Lóbùn, ọba obìnrin tí ọjà wà lábẹ́ rẹ̀, tó sì ní ipa tirẹ̀ nínú ètò ìfinijoyè Òṣemàwé. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé àṣà Yorùbá ni kò gbà kí obìnrin jẹ́ ọ̀gá lórí sáìtì, mo máa ń bi í pé àṣà ìlú wo ló ń wí. Síbẹ̀, ní Oǹdó yìí kan náà ni ìyá oníkòkó kan ti ránṣẹ́ pè mí, ìyá tó fi owó ara rẹ̀ kọ́lé kí n tó mọ̀ ọ́n. Ó gba pílánì lọ́wọ́ mi, ó yìn ín, ó sanwó rẹ̀ láìyọ kọ́bọ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé: "Ọmọ mi, o mọ̀ ọ́n o. Ṣùgbọ́n ilé ni ọ̀rọ̀ yìí, jẹ́ kí n fi lé ọkùnrin lọ́wọ́." Mi ò bá a jà. Ọjọ́ yẹn ni mo yéé di gbogbo ẹ̀bi ru ọkùnrin nìkan.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì mọ sí ìpínlẹ̀ wa. Ọdún 1958 ni wọ́n dá NSE sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn éńjínnìa ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọdún 2024 ni obìnrin tó kọ́kọ́ ṣe ààrẹ rẹ̀, Margaret Oguntala, gorí àléfà. Ọdún 66 gbáko nìyẹn. Àwọn lọ́yà ṣe tiwọn yá díẹ̀: 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi SAN, oyè àgbà lọ́yà, dáni lọ́lá, nígbà tó fi di 1981 obìnrin kan, Fọláké Ṣólańkẹ́, ti gbà á. Kì í ṣe pé obìnrin ò sí nínú iṣẹ́ tiwa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni Joanna Maduka àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá APWEN sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin éńjínnìa, òun sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìpàdé wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nípa irin àti kọnkéré láìkọ́kọ́ tọrọ gáfárà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwa obìnrin tó kàwé pàápàá kì í sábà rí nígbà tí a bá ń pariwo pé kí obìnrin wọ iṣẹ́ ilé kíkọ́. Obìnrin ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ẹ lọ sí sáìtì lọ́jọ́ dẹ́kíìnì, láti Ìlú-Àbò títí dé Oǹdó: àwọn ló ń pọn omi, àwọn ló ń ru yanrìn, àwọn ló ń gbé páànù kọnkéré gun òkè. Ọmọ ìbílẹ̀ wà nínú wọn, Ẹ̀bìrà wà níbẹ̀, Ìgèdè náà wà, àwọn tí iṣẹ́ oko gbé dé ọ̀dọ̀ wa tí wọ́n ń fi iṣẹ́ sáìtì kún un. Orí wọn nìkan ni a gbà síṣẹ́. A ò gba ọwọ́ wọn, a ò gba ojú wọn. Obìnrin á ru kọnkéré títí irun iwájú orí rẹ̀ á fi re, kò ní sẹ́ni tó máa fi téèpù lé e lọ́wọ́ rí.

Nígbà tí mo dá dúró, tí mo ń gba iṣẹ́ tèmi, mo mú ọmọbìnrin mélòó kan mọ́ra láti kọ́ wọn. Iṣẹ́ ilé kan ní Ìlú-Àbò pẹ́ lọ́wọ́ wa díẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá bi wọ́n, ọ̀kan á ní ilé ń pe òun, èkejì á ní ara òun ò yá. Ẹnìkan ṣoṣo ló sọ òótọ́ fún mi, ó sì fi ojú wolẹ̀ kó tó sọ ọ́: "Mọ́mì, ibo la fẹ́ máa tọ̀ sí?"

Àwọn ọkùnrin ń yà sẹ́yìn ògiri. Àwọn ọmọ mi ò ní ẹ̀yìn ògiri. Wọn kì í mu omi láti àárọ̀, nínú oòrùn, lórí iṣẹ́ agbára, kí wọ́n má bàa tọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí nǹkan oṣù wọn bá dé, wọn ò ní í wá, fóòmánì á sì sọ fún mi pé, "Màdámù, ẹ rí i, obìnrin ò ṣeé gbára lé." Ó gbà á gbọ́. Kò parọ́ mọ́ wọn. Ó rí i pé wọn ò wá. Kò mọ ìdí rẹ̀, kò sì sí ọmọbìnrin Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé tó máa wò ó lójú kó sọ ọ́ fún un.

Látìgbà náà, kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni a ti ń gbẹ́ ṣáláńgá. Páànù á yí i ká, ilẹ̀kùn rẹ̀ á ní ìdè nínú, kẹ́ẹ̀gì omi á wà lẹ́nu ọ̀nà. Owó rẹ̀ kò tó èyí tí onílé mìíràn ń ná sórí ọtí àti ìrẹsì lọ́jọ́ dẹ́kíìnì. Bí onílé bá ní òun ò ní í san án, mo máa ń yọ ọ́ nínú èrè mi, mi ò sì jiyàn rẹ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan rọ́bà omi. Ẹ mọ rọ́bà náà, èyí tó mọ́ gaara tí omi inú rẹ̀ ń hàn: ẹnìkan á di ẹnu kan mú lára òpó yìí, ẹlòmíràn á di ìkejì mú lára òpó tọ̀hún, ibi tí omi bá dúró sí lápá méjèèjì ni wọ́n á sàmì sí, torí omi kì í ṣojúsàájú. Òun ni a fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ dọ́gba, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n lò dáadáa ti ń di fóòmánì nìyẹn. Lórí sáìtì wa, gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló ń dì í mú ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, gbogbo wọn náà ló sì ń lọ ra oúnjẹ ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí ló fa ìjà jù. Bíríkìlà kan gbà kí obìnrin máa di rọ́bà omi mú, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá rán òun lọ ra ẹ̀wà ni òun máa kúrò. Ó kúrò lóòótọ́. Ọmọ kan láti ẹ̀yìn Ògbèsè, ọkùnrin ni, sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń ru kọnkéré láìsẹ́ni tó fi rọ́bà yẹn lé òun lọ́wọ́ rí, torí òun kì í ṣe ọmọ ọ̀gá kankan. Èmi rò pé obìnrin ni mò ń ṣílẹ̀kùn fún.

Owó ojúmọ́ náà, gbangba la ń san án. A ń pe orúkọ, a ń pe iye. Iṣẹ́ kan náà, iye kan náà, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, onílẹ̀ tàbí àlejò. Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Kì í sì í ṣe obìnrin nìkan ni wọ́n ń yọ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Adití ni ọmọkùnrin tó ń lẹ táìsì fún wa. Kí ọmọ yìí tó dé ọ̀dọ̀ wa, òkúta wẹ́wẹ́ ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn máa ń sọ lù ú kó lè wẹ̀yìn. A fòfin de ìyẹn lọ́jọ́ kìíní. Ẹni tó bá fẹ́ pè é á ju aṣọ sókè níwájú rẹ̀ tàbí kó fẹsẹ̀ janlẹ̀ lórí pátákó. Bí tipa yanrìn bá ń fi ẹ̀yìn wọlé, ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró tì í.

Oníbàárà kan wá bi mí ní ìbéèrè gidi. Bí wọ́n bá lẹ táìsì tán, wọ́n máa ń fi ẹ̀yìn tírówẹ́ẹ̀lì kàn án lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbọ́ bóyá òfìfo wà lábẹ́ rẹ̀. Báwo ni adití ṣe máa gbọ́ òfìfo? Mo ní kó bá mi ká lọ wò ó. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì pẹrẹsẹ sórí táìsì, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kàn án. Ó dé orí ọ̀kan, ó dúró, ó tún un kàn, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa igi sí i. Èmi ti kọjá lórí rẹ̀, etí mi ò sì gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n hú u: òfìfo ni.

Òfin wà fún irú ọmọ yìí. Oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ka yíya àwọn aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ó ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba sapá kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn, ó kéré tán, jẹ́ aláàbọ̀ ara, ó sì fi ọdún 5 sílẹ̀ kí àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ fi ní ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà. Ọdún 5 náà ti pé ní oṣù kìíní 2024. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí mo ń rí kiri, àwàdà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ wa ni pé bí ilẹ̀ bá ga ní ìwọ̀n kan, ọ̀nà gbọ́dọ̀ gùn ní ìlọ́po 12 rẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́ta tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 45 ń fẹ́ ọ̀nà tó gùn tó mítà 5.4. Mo ti fi téèpù wọn èyí tí kò tó mítà méjì. Bí arọ bá gbé kẹ̀kẹ́ lé e, ẹ̀yìn ni yóò fi lulẹ̀. Wọ́n ṣe é kí wọ́n lè ní àwọn ti ṣe é, bí wọ́n ṣe fi ìwé ẹ̀rí mi sínú fáìlì nígbà kan.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló yọrí. Ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè ṣáláńgá yẹn mọ rọ́bà omi ju fóòmánì lọ, ṣùgbọ́n ó lóyún, ọkọ rẹ̀ ní ó tó, ó ń ta píọ́ wọ́tà báyìí. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ ni mi ò tíì rí ojútùú sí. Sáìtì tí ìṣó àti irin ń bẹ kiri kì í ṣe ibi tí a ń gbé ọmọ sí, owó tí mò ń rí nínú iṣẹ́ kò sì tíì tó èyí tí n ó fi gba ẹni tí yóò máa bá wọn tọ́jú ọmọ nílé. Onílé mìíràn ṣì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà tó bá mọ̀ pé kò sí ọkọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ da dẹ́kíìnì nígbà ẹ̀rùn tó ń bọ̀, bí ẹ bá dé sáìtì, ẹ má fi mọ sí àpò sìmẹ́ńtì mélòó ló kù. Ẹ béèrè ibi tí àwọn obìnrin tó ń ru kọnkéré yín ń tọ̀ sí. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń san fún wọn, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń san fún ọkùnrin tó ń ru páànù kan náà. Ẹ̀yin lẹ ni owó, fóòmánì á dá yín lóhùn.